Àsìkò Ìsinmi Igbó: Ohun tí Àríyànjiyàn Àwọn Ọdẹ Fi Kan Mushin, Yaba àti Sùúrùlérè

Ǹjẹ́ ó yẹ kí àsìkò kan wà nínú ọdún tí ọdẹ kò gbọdọ̀ yìnbọn nínú igbó? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa, wọn kò sì tíì fẹnu kò lórí rẹ̀. Àwọn kan gbà pé igbó nílò ìsinmi gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ oko ṣe nílò rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ebi kì í wo oṣù kí ó tó wọlé, nítorí náà òfin kò gbọdọ̀ máa bá ọdẹ ka oṣù. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbádòfin tuntun lórí ìdáàbòbò àwọn ẹranko tí ó wà nínú ewu ìparun, lẹ́yìn tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Àbádòfin náà ti sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ di èyí tí a kò lè gbé tì mọ́.

Ẹni tí ó ń gbé ní Mushin tàbí Sùúrùlérè lè béèrè pé kí ni ti òun nínú rẹ̀. Igbó wo ni ó kù láàrin Ìdí-Òrò àti Ojúẹlẹ́gba? Ní ìgboro Èkó lónìí, bí a bá pe ẹnì kan ní ọdẹ, ẹni tí ó ń ṣọ́ òpópónà lóru ni a ní lọ́kàn. Fèrè rẹ̀ ni a ń gbọ́, kì í ṣe ìró ìbọn. Síbẹ̀, èrò tiwa ni pé inú igbó kọ́ ni òfin àsìkò yóò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tàbí tí yóò ti ṣubú. Ọjà ni, ìkòkò ọbẹ̀ sì ni. Ìkòkò àwa ará ìgboro wà lára àwọn tí ó ń ránṣẹ́ pe ọdẹ wọ igbó.

Ẹjọ́ àwọn ọdẹ

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí a tó sọ̀rọ̀ òfin, ó yẹ kí a gbọ́ ohun tí àwọn tí òfin náà yóò dè ń sọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ wọn pín sí.

Àwọn àkọ́kọ́ sọ pé àsìkò kì í ṣe ohun tuntun. Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọdẹ. Nígbà òjò, oko ni ó máa ń wà, tí ó ń kọ ebè, tí ó ń ro koríko. Igbó sì máa ń dí débi pé ojú kì í ríran jìnnà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí ewé bá wọ́, tí a bá ti kó irè oko wọlé, ni àwọn ọdẹ tó ń kó ara wọn jọ láti dẹ ibi tí iná ti jó. Bẹ́ẹ̀ ni igbó ṣe ń sinmi fún oṣù púpọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ òfin sílẹ̀. Ibì kan tún wà tí ìsinmi rẹ̀ kò lópin. Nínú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, tí àjọ UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2005, èèwọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe àti ẹja pípa. Ìdí nìyí tí àwọn ọdẹ wọ̀nyí fi ní òfin àsìkò kò ju dídá ohun tí àwọn baba wa ti mọ̀ padà.

Àwọn kejì kò kọ ìsinmi igbó, ìyà tí yóò jẹ wọ́n ni wọ́n ń rò. Yorùbá sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Owó ọta, owó bátìrì, owó ọkọ̀ àti òru tí ó fi wà nínú ẹ̀gún, gbogbo rẹ̀ ni ó fẹ́ rí gbà padà lára ẹran kan ṣoṣo. Wọ́n tún ń béèrè pé ta ni ó ba igbó jẹ́ jù. Agégẹdú ń gé igi, àwọn mìíràn ń ṣán igbó ọba láti gbin kòkó, ṣùgbọ́n ọdẹ ni òfin máa ń kọ́kọ́ bá wí. Bí ọdẹ tí ó bẹ̀rù òfin bá jókòó sílé fún oṣù mẹ́rin, ṣé kì í ṣe ẹni tí kò bẹ̀rù òfin ni yóò wọlé kó ẹran náà lọ? Òfin tí kò bá ní ìdáhùn sí ìbéèrè yìí yóò fìyà jẹ olóòótọ́, yóò sì fi èrè fún ọ̀daràn.

Àwọn kẹta ni ọ̀rọ̀ wọn ṣòro jù láti dáhùn. Wọ́n ní ẹran kò tán nínú igbó rárá, ó gbọ́n ni.

Ẹran tán ni, àbí ẹran gbọ́n?

Ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ yìí kì í ṣe àwáwí. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí a ń pè ní Science. Wọ́n kó àbájáde ìwádìí 76 jọ, lórí irú ẹranko 62, láti àwọn ilẹ̀ ńláńlá mẹ́fà lágbàáyé. Ohun tí wọ́n rí ni pé níbi tí ènìyàn bá ti ń yọ ẹranko lẹ́nu, ìrìn ẹranko a máa kúrò ní ọ̀sán bọ́ sí òru. Ẹranko tí ó ti ń pín ìrìn rẹ̀ dọ́gba láàrin ọ̀sán àti òru yóò wá máa rin nǹkan bí ìdá 68 nínú 100 rẹ̀ lóru. Ọdẹ tí ó bá sọ pé ìgalà tí òun máa ń rí ní ìrọ̀lẹ́ ti di ẹran ààjìn kò purọ́.

Ṣùgbọ́n pé ẹran gbọ́n kò túmọ̀ sí pé ẹran kò dínkù. Méjèèjì lè ṣẹlẹ̀ nínú igbó kan náà. Ọdẹ tí ó ń rí ètu kan ní òru kan tẹ́lẹ̀, tí ó wá di òru mẹ́ta kí ó tó rí ọ̀kan, kò lè fi ìyẹn nìkan mọ̀ bóyá ètu ń sá pamọ́ ni tàbí ó kù díẹ̀. Ipasẹ̀ tí a kà, ìgbẹ́ ẹran tí a rí nílẹ̀, àti kámẹ́rà tí a so mọ́ igi tí ó ń ya àwòrán tọ̀sán-tòru, ni wọ́n lè yanjú rẹ̀. Kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó yẹ kí a so kámẹ́rà náà mọ́ ju ọdẹ fúnra rẹ̀ lọ.

Ohun tí ọdẹ máa ń ṣe nígbà tí ẹran bá ṣọ̀wọ́n ni ó ń kó igbó sí wàhálà jù. Yóò de tọ́ọ̀ṣì tí ó mọ́lẹ̀ ju ti àná lọ mọ́rí, yóò gun alùpùpù dé ibi tí baba rẹ̀ kò fi ẹsẹ̀ dé rí, yóò sì fi òru kún òru. Ẹran tí ó ti fi òru ṣe ibi ìsádi kò wá ní ibòmíràn láti sá sí mọ́. Bí ọwọ́ ọdẹ ṣe ń wúwo lé igbó nìyí: bí ẹran bá ṣe ń ṣọ̀wọ́n ni owó rẹ̀ ń gòkè lọ́jà, bí owó rẹ̀ bá sì ṣe ń gòkè ni ó ń yẹ kí a máa wá a kiri. Ìsinmi tí òjò àti iṣẹ́ oko ń fún igbó láyé àtijọ́ ti lọ. Bí a kò bá fi òfin dá a padà, kò ní fúnra rẹ̀ padà wá.

Tàkúté tún wà níbẹ̀. Okùn wáyà tí a dẹ sí ọ̀nà ẹran kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo, kò mọ olóyún, kò sì mọ oṣù tí a wà. Òfin tí ó bá ní kí ìbọn sinmi láìdárúkọ tàkúté, ìdajì òfin ni.

Oṣù kan kò bá gbogbo ẹran mu

Àṣìṣe kan tí àríyànjiyàn yìí máa ń kó wa sí ni pé a ń sọ̀rọ̀ ẹran ìgbẹ́ bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Ọ̀yà ń lo nǹkan bí oṣù márùn-ún nínú oyún, ó lè bí ọmọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè bímọ nígbàkígbà nínú ọdún. Ó tún jẹ́ ọ̀tá àgbẹ̀, nítorí pé ó máa ń jẹ ìrẹsì, àgbàdo àti ìrèké run lóko. Ètu àti ìgalà kò rí bẹ́ẹ̀: ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń bí lẹ́ẹ̀kan. Bí ọdẹ bá pa abo kan nínú oyún, ó ti pa ẹran méjì, igbó kò sì ní tètè rí arọ́pò wọn.

Ti akika, ẹranko onípẹ́ẹ́pẹ́ lára tí ó ń jẹ èèrà àti ikán, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ kan ni ó ń bí, ìdí ìrù rẹ̀ ni ó sì ń pọ̀n ọn sí, tí ẹni tí ó bá mú ìyá yóò fi mú ọmọ mọ́ ọn. Kì í jà, kì í sáré. Bí ó bá rí ewu, yóò ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù. Ẹkùn kò lè ká ìpẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn yóò bẹ̀rẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ lásán gbé e sínú àpò. Kí ìbọn sinmi fún oṣù mẹ́rin kò gba ẹranko bẹ́ẹ̀ là.

Nítorí náà, òfin tí ó mọ́gbọ́n dání kò lè jẹ́ ẹyọ kan. Ọ̀yà lè fara da ọwọ́ ọdẹ níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ètu àti ìgalà nílò oṣù ìsinmi tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Akika, erin àti àwọn tí ó ti kù díẹ̀ nílò kí a yọ wọ́n kúrò nínú ọ̀rọ̀ àsìkò pátápátá, nítorí pé kò sí oṣù tí ó dára láti pa wọ́n.

Ohun tí òfin sọ nílẹ̀ yìí àti ní Ghana

Orílẹ̀-èdè Ghana kò jìnnà sí wa, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo òfin àsìkò. Láti ọdún 1971 ni òfin wọn ti ti igbó mọ́ ọdẹ láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹjọ, títí di ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá, lọ́dọọdún. Ọ̀yà nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀, ẹni tí yóò bá sì pa á gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní, ọjọ́ náà kì í yí padà. Ọdẹ, alágbàtà, ìyá tí ó ń ta ẹran àti ẹni tí ó ń se ọbẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣáájú, wọ́n sì lè fi ṣètò ara wọn. Èkejì, wọ́n mọ̀ pé ẹran kan yàtọ̀ sí èkejì, wọ́n sì kọ ìyàtọ̀ náà sínú òfin.

Ṣùgbọ́n ibi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ti ń kọsẹ̀ kò fara sin. Ẹran tí a ti yan, tí a ti gé wẹ́wẹ́, kì í sọ oṣù tí a pa á. Kì í sọ irú ẹran tí ó jẹ́ pẹ̀lú. Níbi tí òfin bá ti gba ọ̀yà láàyè, ètu lè wọ ọjà lórúkọ ọ̀yà. Aṣọ́gbó tí ó dúró ní ẹnu igbó kò lè yanjú èyí. Ojú ọjà ni a ti lè yanjú rẹ̀.

Nílẹ̀ tiwa, Nàìjíríà wọ inú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tí ó wà nínú ewu, ní ọdún 1974. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó tẹ̀lé e jáde ní ọdún 1985. Owó ìtanràn tí ó wà nínú òfin náà fún ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ₦1,000, iye tí kò lè dẹ́rù ba oníṣòwò kankan nígbà tí ó yá, a sì tún òfin náà ṣe ní ọdún 2016. Àbádòfin ọdún 2025 fi kún ìyà náà gidigidi: owó ìtanràn lè tó mílíọ̀nù ₦12, ẹ̀wọ̀n sì lè tó ọdún 10. Orí òwò àwọn ẹranko tí ó wà nínú ewu ni agbára òfin wọ̀nyí wà. Ti oṣù tí a ó dẹ ọ̀yà àti oṣù tí a ó fi ètu sílẹ̀, ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni ó bọ́ sí jù, nítorí pé Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Èkó ti díjú. Ọ̀pọ̀ igbó tí ẹran tí a ń jẹ ti ń wá kò sí ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ògùn, Oǹdó, Ọ̀ṣun àti Ẹdó ni ó wà. Bí Ògùn bá ti igbó tirẹ̀ tí Oǹdó kò ti tirẹ̀, ẹran Ògùn yóò di ẹran Oǹdó lójú ọ̀nà márosẹ̀. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà, ṣùgbọ́n ẹran inú igbó kò mọ ààlà. Àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù ti fi hàn rí pé wọ́n lè pa ohùn pọ̀. Ní ọdún 2020, wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ṣe òfin tirẹ̀ lórí èrò kan náà. Bí a bá lè pa ohùn pọ̀ lórí ààbò ènìyàn, kò yẹ kí a kùnà lórí oṣù tí igbó yóò fi sinmi.

Láti inú igbó dé Ojúwòyè

Ọdẹ kì í sábà jẹ gbogbo ẹran tí ó pa. Alágbàtà ń dúró dè é, fóònù sì ti mú kí alágbàtà mọ̀ nípa ẹran kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹran náà yóò gba ojú títì bọ̀, tútù tàbí yíyan, títí yóò fi wọ Èkó. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó gbà ń tú ká sí àárín wa. Àwọn ilé ọtí àti ilé ẹlẹ́mu ń fi se ọbẹ̀ ata. Àwọn ìdílé ń rà á fún àsè àti ọdún. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ń ra awọ, egungun àti ìpẹ́ ní irú ọjà bíi Ojúwòyè ní Mushin, níbi tí àwọn eléweéọmọ ti pàtẹ egbòogi láti ìgbà pípẹ́.

Iye ènìyàn tí ó ń jẹ ẹ́ kò kéré. Nígbà tí àjọ WildAid ṣe ìwádìí láàrin àwọn ènìyàn 2,000 ní Èkó, Àbújá, Port Harcourt àti Calabar, ìdá 71 nínú 100 wọn ni ó sọ pé àwọn ti jẹ ẹran ìgbẹ́ rí, ìdá 45 sì ti jẹ ẹ́ láàrin ọdún kan sí ìgbà náà. Ìlú ńlá ni gbogbo ibi tí a dárúkọ yìí. Ebi kọ́ ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ará ìlú ńlá lọ sídìí ẹran ìgbẹ́. Adùn rẹ̀ àti iyì rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ akika ni ó jẹ́ kí a rí agbára oníbàárà kedere. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2021, Àjọ Aṣọ́bodè kéde pé ọwọ́ àwọn ti tẹ ìpẹ́ akika tí ó ju tọ́ọ̀nù 17 lọ ní Lẹ́kí. Láti ìgbà náà, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ ni pé àwọn ará ilẹ̀ Éṣíà tí ń fi ìpẹ́ ṣe oògùn nìkan ni ó ń pa akika run. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2025, tí Charles Emogor, onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ṣáájú rẹ̀, fi ohun mìíràn hàn. Wọ́n bá àwọn ọdẹ àti oníṣòwò tí ó lé ní 800 sọ̀rọ̀ ní agbègbè igbó Cross River. Nǹkan bí akika 21,000 ni wọ́n ṣírò pé a ń pa lọ́dún níbẹ̀, nǹkan bí ìdá 98 nínú 100 rẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé nítorí ẹran rẹ̀ ni a ṣe mú un. Ọ̀pọ̀ ìpẹ́ náà ni a ń dà nù. Cross River jìnnà sí Mushin, ìgbó wọn sì yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kan wa gbọ̀ngbọ̀n. Kí ìpẹ́ tó dé èbúté, àwo ọbẹ̀ ni ẹran náà kọ́kọ́ wọ̀. Láti ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú CITES ti fẹnu kò pé kí a fòfin de òwò gbogbo irú akika láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Òfin yẹn kò lè dé inú ìkòkò tí a gbé kaná ní Yaba.

Ẹ̀kọ́ Yaba, ọdún 2014

Mainland mọ ìdí mìíràn tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi lè jẹ́ ti ọdẹ nìkan. Ní ọjọ́ 20, oṣù Keje, ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Liberia. Ilé ìwòsàn àrùn àkóràn tí ó wà ní Yaba ni a ti tọ́jú àwọn tí ó kó o. Ènìyàn 20 ni ó kàn, 8 sì kú nínú wọn, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹran ìgbẹ́ kọ́ ni ó gbé e wá sí Èkó, a gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má bàa lọ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn ẹranko igbó lè gbé irú àrùn bẹ́ẹ̀, ìkìlọ̀ jáde pé kí a yẹra fún ẹran ìgbẹ́, ọjà àwọn tí ń tà á sì dá wàì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ọdún 2022 nígbà tí àrùn mpox ń tàn, tí ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò ọ̀gbìn ní kí àwọn ọdẹ àti oníṣòwò dáwọ́ títà ẹran ìgbẹ́ dúró. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2023, nígbà tí àrùn anthrax bẹ́ sílẹ̀ ní Ghana, ìkìlọ̀ tún jáde lórí pọ̀nmọ́, ẹran yíyan àti ẹran ìgbẹ́. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàrin ọdún mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ kan náà.

Ohun tí ó yẹ kí a yọ nínú èyí ni pé ìkìlọ̀ pàjáwìrì kì í ṣe ètò. Ó máa ń bá ìyá tí ó ń ta ẹran lójijì, pẹ̀lú ọjà tí ó ti fi owó yá lórí igbá. Nígbà tí ìbẹ̀rù bá rọlẹ̀, gbogbo rẹ̀ a padà sí bí ó ti wà, láìsí ẹni tí ó mọ ẹran tí a yẹ̀ wò àti èyí tí a kò yẹ̀ wò. Òfin àsìkò tí a mọ ọjọ́ rẹ̀ yóò ṣe ohun tí ìkìlọ̀ kò lè ṣe. Ìyálọ́jà lè sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú pé ọjọ́ báyìí ni ètu yóò kúrò lórí igbá. Oníṣòwò lè ra ẹja tàbí ìgbín sílẹ̀. Dókítà ẹranko sì lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun wá yẹ ẹran wò.

Ohun tí ó yẹ kí a dì mú

Ohun mẹ́rin ni a rò pé ó lè mú òfin àsìkò kúrò lórí bébà.

Ọjọ́ kan náà ni kí ó wà fún gbogbo ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù, kí a sì pe àwọn olúọdẹ sí ìjókòó tí a ó ti yan oṣù náà. Àwọn ni wọ́n mọ ìgbà tí ètu ń bímọ ní igbó tiwọn. Òfin tí ọdẹ bá bá wa kọ, ọdẹ ni yóò kọ́kọ́ dáàbò bò ó.

Ọjà ni kí a ti mójú tó o, kì í ṣe inú igbó nìkan. Kí ẹran tí a kò gbọdọ̀ tà ní oṣù ìsinmi má wà lórí igbá tútù, kí ó má sì wà níbẹ̀ ní yíyan. Èyí nílò àwọn òṣìṣẹ́ tí ó dá ẹran mọ̀, ó sì nílò ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn ìyálọ́jà ju ti ọlọ́pàá lọ.

Kí ọdẹ rí nǹkan jẹ ní oṣù tí igbó bá ń sinmi. Igbó Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí a yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1925, tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 130,000, tí erin ṣì wà nínú rẹ̀, ti fi ọ̀nà kan hàn. Níbẹ̀, àwọn kan tí wọ́n ti jẹ́ ọdẹ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n di aṣọ́gbó tí ń gba owó oṣù. Ojú tí ó mọ ipasẹ̀ ẹran láti pa á ni ó tún mọ̀ ọ́n láti dáàbò bò ó. Gbogbo ọdẹ kò lè di aṣọ́gbó, ṣùgbọ́n kíka ẹran àti títú tàkúté ní oṣù ìsinmi jẹ́ iṣẹ́ tí a lè sanwó rẹ̀.

Kí ọ̀yà tí a sìn nílé pọ̀ sí i. Koríko ni oúnjẹ rẹ̀, kò sì nílò ilẹ̀ ńlá. Ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ nílò owó àti ẹ̀kọ́, ó sì nílò ìwé ẹ̀rí tí yóò fi hàn pé ọ̀yà tí òun gbé wá sí ọjà kò ti inú igbó wá, kí àwọn mìíràn má bàa fi orúkọ rẹ̀ bo ẹran tí wọ́n jí pa.

Èyí tí ó kù wà lọ́wọ́ àwa tí a ń jẹun. Ẹni tí ó jókòó sí ilé ẹlẹ́mu ní Ojúẹlẹ́gba kò mú ìbọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n owó tí ó san lórí àwo kan ni a fi ra ọta tí yóò dún lọ́la. Bí ó bá béèrè pé ẹran wo nìyí, níbo ni ó ti wá, tí ó sì kọ akika àti ètu ní oṣù tí kò yẹ, ìbéèrè náà yóò padà gba ọ̀dọ̀ alásè dé ọ̀dọ̀ alágbàtà, yóò sì kan ọdẹ lára kí aṣọ́gbó tó rí i. Bí kò bá béèrè, òfin tí ó dára jù lọ kò ní kọjá ẹnu igbó.

Ọdẹ àti àwọn oníṣòwò ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn bóyá ẹran tán tàbí ó gbọ́n. Igbó tí a bá fún ní ìsinmi fún ọdún mélòó kan yóò dá àwọn méjèèjì lóhùn. Bí ẹran bá gbọ́n ni, yóò tún máa jáde ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, a ó ti mọ̀ nígbà tí díẹ̀ ṣì kù tí yóò bímọ.